Ìpè Mẹ́ta Lẹ́nu Géètì

Bí èèyàn bá ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí rù, kó dì í ru eré orí ìtàgé. Eré kò lè fèsì, ẹni tó sì kọ èyí ti kú kí wọ́n tó bí bàbá bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀gbẹ́ni Ikúbọlájẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló tú u sí Yorùbá. Lọ́dún 1993, nígbà tí wọ́n ti yunifásítì pa tí ìlú kò sì fara rọ, ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sínú gbọ̀ngàn kan ní Agbowó n'Ìbàdàn, ó ní kí wọ́n wá ṣe é, kí ọwọ́ wọn má baà dilẹ̀ fún èṣù.

Ayaba kan wà nínú eré náà. Ọkọ rẹ̀ ni ọba ìlú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ló kó ogun wá jà wọ́n. Ogun fọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n lórí, ó fara gbọgbẹ́, ó wọ́ dé ẹnu ibodè ní ìrọ̀lẹ́, ó sì pe àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ayaba bá dáhùn, àwọn aṣọ́bodè á ṣílẹ̀kùn, àwọn ọmọ ogun tó sá pamọ́ lẹ́yìn odi á sì ya wọlé pa ọkọ rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, ẹ̀gbọ́n á kú síta. Ọba á fi ọwọ́ bo ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu. Ìpè kẹta á dún, á rọlẹ̀, wọ́n á sì fa aṣọ ìtàgé dé.

Àrìnpé Akíndúró ni wọ́n fi ṣe ayaba. Tíṣà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà ní Bódìjà, ojú rẹ̀ sì tètè máa ń kún fún omi. Ẹni tó ṣe ọba ni Ṣàmsúdéènì Àkànmú, ayàwòrán ilé, ọmọ Alhaji tó ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀. Ògoolúwa, ẹ̀gbọ́n Àrìnpé gan-an, ló ń pe ìpè ẹ̀gbọ́n. Òun kò wá ṣeré o. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú ni kì í jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ nìkan rìn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló ń jókòó sí tó ń dúró dè é, tó ń húkọ́, nítorí ikọ́ kì í fi í sílẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ọjọ́ kan ni Ọ̀gbẹ́ni Ikúbọlájẹ́ gbọ́ bó ṣe pe àbúrò rẹ̀ pé kó jẹ́ ká máa lọ. Bàbá náà sọ ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ohùn tí mo ń wá nìyẹn!"

Wọ́n á pa iná. Gbọ̀ngàn á dákẹ́. Ìta fèrèsé ni Ògo á ti pè é, "Àrìnpé!" Orúkọ rẹ̀ gan-an ló máa ń pè, nítorí ó kọ̀ láti pe ọmọ ìyá rẹ̀ ní ayaba. Ara Àrìnpé á bù máṣọ. Ọwọ́ Ṣàmsù á bo ẹnu rẹ̀, ọwọ́ tó ń rùn bíi pẹ́ńsù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, ọwọ́ náà á sì máa gbọ̀n.

"Kí ló dé tí ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n?" Àrìnpé bi í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń kó àga jọ. "Ọba lo jẹ́, o sì ń gbọ̀n."

"Ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n ẹ ló ń bà mí," ni Ṣàmsù wí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo máa ń rò ó pé tó bá pè ẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹn ní tòótọ́, kò sọ́wọ́ tó máa lè bò ẹ́ lẹ́nu."

"Ṣé ìwọ fẹ́ bò mí lẹ́nu ní tòótọ́ ni?"

"Mo fẹ́ fẹ́ ẹ ní tòótọ́."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Láwùmí, ọ̀rẹ́ Àrìnpé tó ń ṣe ìránṣẹ́bìnrin nínú eré, ló ń gbé lẹ́tà lọ gbé e bọ̀, ó sì ń jẹ súyà olúkúlùkù wọn bó ti ń gbé e. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀, alárinà á yẹ̀bá, ṣùgbọ́n Láwùmí kò yẹ̀bá rárá, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú Bàbá Akíndúró.

Ará Àkúrẹ́ ni bàbá náà, ó ti fẹ̀yìn tì ní Sẹkitéríàtì, ó sì jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó gbọ́ orúkọ Àkànmú, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ìmàle?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Àrìnpé wí lórí ìkúnlẹ̀.

"O ò rí ẹlòmíì nínú gbogbo Ìbàdàn?"

Oṣù mẹ́rin ni bàbá fi kọ̀ jálẹ̀. Alhaji Àkànmú fúnra rẹ̀ ló wá sílé wọn ní Bódìjà, tó bọ́ fìlà, tó ní, "Alàgbà, èmi náà kò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti rí ara wọn ká tó rí wọn. Kò sẹ́ni tó máa ní kí ọmọ yín fi ẹ̀sìn ẹ̀ sílẹ̀ nílé mi." Bàbá Akíndúró wo fìlà tó wà lórí itan àgbà bíi tirẹ̀, ojú tì í, ó sì gbà.

Ògo kò gbà. Nígbà tí ìyá wọn ń kú lọ, ọwọ́ Ògo ló fa ọwọ́ Àrìnpé lé, tó ní, "Má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ." Ọ̀rọ̀ yìí ni Ògo fi ń sùn, òun ló fi ń jí.

"Mi ò bá ẹ jà," ló wí fún Àrìnpé lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń sá aṣọ. "Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Mi ò ní kan ilẹ̀kùn ọkùnrin yẹn láéláé. Tí ọjọ́ bá dé tí mo fẹ́ rí ẹ, ẹnu géètì ni màá dúró sí, màá pè ẹ́ bíi ti inú eré. O dáhùn, mo wọlé. O ò dáhùn, mo yí padà, ó parí."

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ wá ń fi eré búra sí?"

"Eré kọ́," ni Ògo wí.

Oṣù kìíní ọdún 1994 ni wọ́n ṣe ìdána. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀ tí wọ́n fẹ́ mú ìyàwó lọ, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Ọmọ́fẹ́, di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí. "Tí o bá ti gbé ẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà yìí, má wẹ̀yìn o. Ẹnikẹ́ni tó bá sì pè ẹ́ lẹ́yìn, má dá a lóhùn, àfi tí wọ́n bá ti wẹ ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ. Ìyàwó tó bá wẹ̀yìn, padà ló máa padà wá."

Gbogbo ọjọ́ yẹn ni Àrìnpé ti ń fi ojú wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò rí i. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Ó kù díẹ̀ kó dé ìdí ọkọ̀ ni ohùn náà dún lẹ́yìn rẹ̀, "Àrìnpé!" Ọrùn rẹ̀ yí fúnra rẹ̀. Àǹtí Ọmọ́fẹ́ fa gèlè rẹ̀ padà síwájú, ó ní, "Má ṣe bẹ́ẹ̀!" Ó wọ ọkọ̀. Wọ́n wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ilé ọkọ ní Ṣálẹ́ńjì, omi tútù náà ń ṣàn láàrin ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń sunkún. Àwọn obìnrin ilé ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyàwó mọ ẹkún sun.

Ní ọjọ́ kejì, Ògo kó ẹrù rẹ̀, ó lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń la ọ̀nà ní apá Lọ́kọ́ja. Kò dágbére fún ẹnì kankan.

Oṣù karùn-ún ni ìròyìn dé. Ọkọ̀ akérò kan jóná ní ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Wọ́n rí òkú kan tí ojú kò ṣeé dá mọ̀, ṣùgbọ́n jákẹ́ẹ̀tì dúdú Ògo ló wà lọ́rùn rẹ̀, káàdì ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú àpò, ó jó dé ìdajì, orúkọ kò jó. Bàbá kì í débi sàréè ọmọ, nítorí náà Àrìnpé ló lọ. Òun ló bu yẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ lé pósí náà. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ dárí jì mí. Mo gbọ́ o. Mo gbọ́ nígbà tẹ́ ẹ pè mí." Ó sunkún sórí sàréè náà títí Ṣàmsù fi gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà Bàbá Akíndúró fi ilé Bódìjà háyà fún àwọn àjèjì, ó padà sí Àkúrẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí n parọ́, inú Ṣàmsù bàjẹ́ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n láàrin ìbànújẹ́ náà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lọ́nà kan tí ojú ń tì í láti sọ. Kò sí ẹni tó tún ń bá a fa ìyàwó rẹ̀ mọ́. Àrìnpé lóyún. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń gbé orí lé e láyà. Ó di Oṣù Kejìlá.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, Àrìnpé ń ká aṣọ tó gbẹ lẹ́yìn ilé. Eruku ti bo òpópónà, èèyàn kò rí ilé kẹta. Ohùn kan dún lẹ́nu géètì.

"Àrìnpé."

Ohùn náà há, bíi ti ẹni tí èéfín gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ inú rẹ̀ ta lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Òórùn aṣọ tó ń jó gba inú afẹ́fẹ́ kọjá. Ó yọjú, kò rí ẹnì kankan. Eruku nìkan ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí Ṣàmsù dé, ó sọ fún un.

"Wọ́n ń sun igbó níbi gbogbo lásìkò yìí," ni Ṣàmsù wí. "Òórùn nìyẹn."

"Igbó ló pe orúkọ mi?"



Láwùmí wá ní ọ̀sán Ẹtì. Bó ti gbọ́ ọ, ó fi ọwọ́ lérí. "Àrìnpé, ikú ọ̀nà ni bọ̀dá ẹ kú, kò tíì gbà pé òun ti kú. Irú wọn ló máa ń pe èèyàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń pè é. Tó o bá dáhùn, wọ́n á mú ẹ lọ, ìwọ àti ohun tó wà nínú ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi kò lè pa mí lára, Láwùmí."

"Nígbà tó wà láyé, kò lè pa ẹ́ lára. Mo bẹ̀ ẹ́, má dáhùn."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, tọkọtaya wà ní pálọ̀. NEPA ti mú iná lọ, Ṣàmsù ń nu fìtílà. Ohùn náà tún dé, ó le ju tàná lọ.

"Àrìnpé!"

Àrìnpé dìde. Ṣàmsù dé ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó la ẹnu, ó fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu bíi ti inú eré. Ṣàmsù jọ̀wọ́ rẹ̀, ó lọ ká kọ́tìnnì díẹ̀, ó wo ìta. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

"Ta ni?" Àrìnpé bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kò sẹ́nì kankan," ni Ṣàmsù wí. Kò yíjú sí i.

Àrìnpé kò sùn. Ó ń rò ó pé bí òun bá dáhùn, òun lè pàdánù ọmọ, kí òun pàdánù ọkọ, kí òun pàdánù ẹ̀mí ara òun. Bí òun kò bá dáhùn, ìgbà kejì nìyí tí òun yóò kọ ẹ̀yìn sí ọmọ ìyá òun. Ayaba inú eré kò níláti rò ó báyìí. Wọ́n ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀ fún un, kò ní ju kó dákẹ́ lọ.

Ní Sátidé, wọn kò tan iná. Ṣàmsù jókòó tì í lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ wà ní èjìká rẹ̀. Oòrùn pọ́n, ó wọ inú eruku. Wọ́n ń dúró de ìpè kẹta bí ẹni ń dúró de ẹjọ́.

"Àrìnpé!"

Ọwọ́ Ṣàmsù tún dé ẹnu rẹ̀. Nígbà náà ni ẹni tó wà níta húkọ́. Ikọ́ gbígbẹ ni, ó tẹ̀lé ara wọn lẹ́ẹ̀mẹta, èyí tó gbẹ̀yìn gùn. Àrìnpé mọ ikọ́ yẹn. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn Agbowó ló ti máa ń gbọ́ ọ. Òkú kì í húkọ́. Ó gé ọwọ́ ọkọ rẹ̀ jẹ, Ṣàmsù ké, ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀dá mi! Mo gbọ́ o! Mo ń bọ̀!"

Láìwọ bàtà, ó gbé ikùn rẹ̀ dé géètì. Ọkùnrin kan ti kẹ̀yìn, ó ń lọ, ó rù gan-an. Ó dúró. Ó yí padà díẹ̀díẹ̀. Ògo ni. Eruku ọ̀nà wà ní irùngbọ̀n rẹ̀, omi sì wà lójú rẹ̀. Àrìnpé fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀, ara náà gbóná.

"Ṣé ẹ ò kú ni?"

"Ta ló ní mo kú?" Ògo ń wò ó tìyanutìyanu. "Gbogbo èèyàn ló ń bi mí bẹ́ẹ̀. Mo dé Bódìjà, mo bá àwọn àjèjì nílé wa. Ìyá tó wà lódìkejì rí mi, ó sá wọlé, ó ń pe Jésù."

Àrìnpé gbọ́ ẹsẹ̀ Ṣàmsù lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú sí i, ó sì rí i lójú rẹ̀ pé kò yà á lẹ́nu.

"O mọ̀," ló wí. "Lánàá, lójú fèrèsé. O rí wọn."

"Mo rí wọn. Wọ́n ń fi ọwọ́ nu eruku kúrò lójú." Ṣàmsù kò gbójú sókè. "Mo mọ̀ pé èèyàn ni. Ẹ̀rù bà mí pé bí wọ́n bá wọlé, ìwọ á jáde. Àrìnpé, mi ò ní àwáwí."

"Mo sunkún di ojú fífọ́, o sì fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu!" "Ẹ jẹ́ ká lọ, bọ̀dá mi. Àkúrẹ́ ni mò ń lọ."

Ògo wo ọkùnrin tó ti kórìíra láti ọdún kan ààbọ̀, ó wo ẹ̀jẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò wá mú ẹ kúrò," ló wí nígbẹ̀yìn. "Lọ́jọ́ ìdána ẹ, ṣé o mọ ìdí tí mo fi pè ẹ́? Mo ti gbà. Mo fẹ́ gbàdúrà fún ẹ ni. O ò wẹ̀yìn."

"Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ wẹ̀yìn!"

"Mi ò rántí," ni Ògo wí. "Inú bí mi débi pé mi ò rántí."

Ṣàmsù wọlé, ó bu omi sínú bàsíà, ó gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló wí. "Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín." Ó sì wẹ ẹsẹ̀ àna rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n ti wẹ ti Àrìnpé, eruku Lọ́kọ́ja ń pọ́n nínú omi. Àrìnpé dúró tì wọ́n. Kò tíì dárí jì í, ṣùgbọ́n òun ló fún un ní aṣọ ìnuwọ́.

Wọ́n wọlé, wọ́n tan fìtílà, wọ́n gbé oúnjẹ fún Ògo. Wọ́n sọ fún Ògo nípa ọkọ̀ tó jóná, jákẹ́ẹ̀tì, káàdì, sàréè. Ó gbé àwo kalẹ̀.

"Bùsàrí," ló wí. "Ọmọ Àpáta níbí ni, yàrá kan náà la jọ ń sùn. Ibà ń ṣe é, ó fẹ́ lọ rí ìyá ẹ̀, mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì mi fún un. Nígbà tí kò padà, mo ní olè ni. Oṣù méje ni mo fi ń bú u." Ó bo ojú rẹ̀. "Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní níbẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹ ni mo máa ń bá a sọ ṣáá, Àrìnpé. Ó mọ̀ ẹ́ tán láìrí ẹ."

Ṣàmsù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mùsùlùmí ni, wọ́n sì sin ín láìkírun sí i lára."

"Ìyá ẹ̀ kò mọ̀," ni Ògo wí. "Á ṣì máa retí ẹ̀." Ó yíjú sí Ṣàmsù, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò bá a sọ̀rọ̀ bí èèyàn ẹni. "Ṣé wọ́n ṣì lè kírun fún un, báyìí tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀?"

"Wọ́n lè kí i. Màá bá yín lọ lọ́la. Ẹ̀yin lẹ máa júwe ilé, èmi á mú àáfà dání."

Àrìnpé ń fi ọwọ́ pa ikùn rẹ̀. "Ọlọ́run ló ní kí n dáhùn," ló wí. "Ìpè kẹta nìyẹn. Ẹ ò bá ti lọ."

"Ìkejì," ni Ògo wí.

"Ìkẹta ni, bọ̀dá mi. Ọjọ́bọ̀, àná, òní."

"Àná ni mo wọ Ìbàdàn. Mo pè ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo rí ojú ọkọ ẹ ní fèrèsé, mo yí padà. Lọ́jọ́bọ̀, inú ọkọ̀ Lọ́kọ́ja ni mo wà."

Àrìnpé rántí ohùn tó há, òórùn aṣọ tó ń jó. Ó rántí ẹni tí òun bu yẹ̀pẹ̀ lé lórí, tí òun fi orúkọ ẹlòmíì sunkún lé. Ta ni Bùsàrí ìbá tún pè? Òun nìkan ló sunkún rẹ̀.

Ó dìde. Ṣàmsù fẹ́ dá a dúró, ó ká ọwọ́ rẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjèèjì tẹ̀lé e dé ẹnu géètì. Eruku dúró ní òpópónà, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

"Bùsàrí," ni Àrìnpé wí. "A gbọ́ o. A ń lọ bá ìyá ẹ lọ́la."

Wọ́n padà sínú ilé. Ṣàmsù na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ géètì. Àrìnpé ní kó fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí.